Kọ́ọ̀sì Lítíréṣọ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìtàn Kọ́ Ìrònú Jinlẹ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́léèjì ka àròkọ wọn kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún olùkọ́. Orí ẹ̀rọ la ti ń pàdé: wọ́n á fi iṣẹ́ ránṣẹ́, màá kà á, a ó wá jọ sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gba ọwọ́ mi kọjá, èyí tí wọ́n ti ń fi lítíréṣọ̀ kọ́ ìrònú jinlẹ̀ ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn á gbà pé ibi tí òun mọ̀ ni òun dé yìí. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú nínú àríyànjiyàn náà á gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí máàkì àròkọ àkọ́kọ́ bá jáde ni ojú méjèèjì á wálẹ̀.

Ohun tí kọ́ọ̀sì náà ń béèrè kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ó fẹ́ kí ẹ lè fi ìka sí ibi kan lójú ìwé, kí ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin fà yọ láti inú rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí méjèèjì wọnú ara wọn. Àkótán ìtàn kọ́ ni wọ́n fẹ́. Bó ṣe rí lára yín náà kọ́. Ọ̀nà tí ẹ gbà láti ojú ìwé dé ibi tí ẹ dé ni olùkọ́ ń fún ní máàkì.

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí kọ́léèjì ní kí ẹ ti kọ́ ṣáájú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú kọ́ọ̀sì yìí ti wọ́pọ̀, púpọ̀ nínú àwọn kọ́léèjì kì í gba èèyàn sí i àfi tó bá ti yege nínú kọ́ọ̀sì ìkọ̀wé ti ọdún kìíní. Wọ́n ní ìdí. Kò sí àyè nínú kọ́ọ̀sì yìí láti máa kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń pín ìpínrọ̀ tàbí bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí ìwé tí wọ́n lò.

Ẹ wá ṣírò àkókò yín dáadáa, ẹ má tan ara yín. Yúníìtì 3 ló sábà máa ń jẹ́. Ìṣirò tí wọ́n ń lò ni pé yúníìtì kan jẹ́ wákàtí kan nínú kíláàsì àti wákàtí méjì iṣẹ́ àdáṣe lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Wákàtí 9 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ká kọ́ọ̀sì kan náà kò sí ọ̀sẹ̀ 8, ó ti ń lọ sí wákàtí 17 lọ́sẹ̀, ìtàn tí ẹ máa kà kò sì ní torí ẹ̀ kúrú. Èmi kì í gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nímọ̀ràn láti gba ti ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ̀kọ́ yìí nílò kí ìtàn sùn mọ́ èèyàn nínú díẹ̀, kí èèyàn padà sí i, kó wá rí ohun tí kò rí lánàá.

Ẹ tún béèrè bóyá kíláàsì ní aago tí gbogbo yín gbọ́dọ̀ pàdé lórí fídíò, àbí kálukú á máa ṣe tirẹ̀ nígbà tó bá ráyè kí gbèdéke tó pé. Ti kejì yìí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ń já èèyàn kulẹ̀ jù, torí kò sẹ́ni tó máa pè yín.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ìwòran. Ọ̀pọ̀ kọ́léèjì ló ń yọ orúkọ ẹni tí kò bá ṣe nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Pé ẹ wọlé sí ojú òpó kíláàsì nìkan kò tó. Nínú ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí ẹ̀kọ́ tí a ń gbà láti ọ̀nà jíjìn, wíwọlé lásán kì í ṣe ìkópa. Ẹ dáhùn kúìsì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìfira-ẹni-hàn, ẹ fi iṣẹ́ kan sílẹ̀, kí ohun kan lè wà tó ní orúkọ yín lára.

Bó bá jẹ́ Canvas, ọ̀kan nínú àwọn ojú òpó tí kọ́léèjì fi ń ṣe kíláàsì, ni wọ́n ń lò, ẹ lọ síbi ètò àkáǹtì yín, kí ẹ yan aago ibi tí ẹ wà. Aago 11:59 alẹ́ ni gbèdéke sábà máa ń jẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ ti kọ́léèjì ni. Ẹni tó wà ní ìhà kejì ayé lè rí i pé òwúrọ̀ tàbí ọ̀sán gangan ni iṣẹ́ òun máa dópin. Moodle àti Blackboard náà ní ibi tí ẹ ti lè yẹ èyí wò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà.

Lábẹ́ ìbéèrè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń so àtẹ tí wọ́n fi ń díwọ̀n máàkì mọ́ ọn. Ẹ kà á kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan. Bí ìtúpalẹ̀ ẹ̀rí bá kó èyí tó pọ̀ jù nínú máàkì, tí gírámà sì kó díẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ó yẹ kí àkókò yín lọ.

Nípa ìwé: ẹ̀dà tí olùkọ́ dárúkọ ni kí ẹ wá, pàápàá bó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n túmọ̀ láti èdè mìíràn, torí atúmọ̀ kan àti èkejì lè yàtọ̀ síra gan-an. Fún àwọn iṣẹ́ àtijọ́ tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti parí lórí wọn, Project Gutenberg, tí Michael Hart bẹ̀rẹ̀ ní 1971, ní ọ̀pọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. LibriVox náà wà, níbi tí àwọn olùfínnúfíndọ̀ ti ń ka ìwé sókè fún gbogbo ayé. Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀: ìwé orí fóònù kì í sábà ní nọ́ńbà ojú ewé tó dúró sójú kan. Ìlànà MLA, èyí tí wọ́n fi ń tọ́ka sí ìwé nínú àròkọ lítíréṣọ̀, tí ẹ̀dà kẹsàn-án rẹ̀ jáde ní 2021, kò fẹ́ kí ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ̀rọ yín gbé wá ṣe ojú ewé, torí bí ẹ bá mú lẹ́tà tóbi sí i, nọ́ńbà á yí padà. Ẹ lo nọ́ńbà orí. Bó bá sì jẹ́ eré tàbí ewì tó ní ìran àti ìlà, ẹ lo ìyẹn.

Bí a ṣe ń kà á

Ẹ̀ẹ̀mejì, ó kéré tán. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ jẹ́ kí ìtàn máa gbé yín lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ dípò kíkà, kò burú. Lẹ́ẹ̀kejì, ojú ni kí ẹ fi kà á, pẹ̀lú kálàmù lọ́wọ́.

Ẹ fa ìlà méjì sórí tákàdá, kí ó di òpó mẹ́ta. Ní òpó àkọ́kọ́, ẹ da ohun tí ìwé sọ kọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ibi tó wà. Ní òpó kejì, ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin fà yọ. Ní òpó kẹta, ẹ kọ ohun tó lè ba ohun tí ẹ fà yọ jẹ́. Òpó kẹta yìí ni gbogbo èèyàn máa ń fi sílẹ̀ lófìfo. Òun gan-an sì ni kọ́ọ̀sì náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi eré kan ṣe àpẹẹrẹ, torí ó kúrú, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn olùkọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Trifles ni orúkọ rẹ̀. Susan Glaspell ló kọ ọ́, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é ní Provincetown ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní 1916. Wọ́n fi okùn fún àgbẹ̀ kan, John Wright, lọ́rùn pa lórí ibùsùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Minnie, wà ní àtìmọ́lé. A kò fojú kàn án lórí ìtàgé títí eré fi parí. Àwọn ọkùnrin tó wá ṣèwádìí ń wá ohun tó lè mú obìnrin náà pa ọkọ rẹ̀, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tó bá wọn wá, Ìyáàfin Hale àti Ìyáàfin Peters, wà ní ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí aṣọ ìbora tí Minnie ń rán tí ọ̀nà ìránṣọ rẹ̀ ṣàdédé dàrú, ilé ẹyẹ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti bàjẹ́, àti ẹyẹ kan tí wọ́n ti lọ́ lọ́rùn, tí wọ́n fi sílíìkì wé sínú àpótí. Wọn ò sọ fún àwọn ọkùnrin náà.

Mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé: ta ló pa ẹyẹ yẹn? Kíá ni wọ́n á dáhùn pé John Wright ni. Mo á ní kí wọ́n fi ibi tó wà hàn mí nínú ìwé. Ìgbà yẹn ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yí fóònù lókè-sódò.

Kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀, ìyẹn ní òpó àkọ́kọ́, ni pé ọrùn ẹyẹ náà lọ́, ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ bàjẹ́, Ìyáàfin Hale sì sọ pé John Wright kò ní fẹ́ràn nǹkan tó ń kọrin, pé Minnie náà máa ń kọrin tẹ́lẹ̀, ọkùnrin náà sì pa ìyẹn pẹ̀lú. Òpó kejì: John ló lọ́ ọ lọ́rùn. Òpó kẹta ńkọ́? Ẹnìkan á ní bóyá ológbò ni. Ó dáa, ẹ padà sínú ìwé. Ìyáàfin Hale ló kọ́kọ́ dárúkọ ológbò, Ìyáàfin Peters sì dá a lóhùn pé Minnie kò ní ológbò, pé ẹ̀rù wọn máa ń bà á. Nígbà tó yá, tí agbẹjọ́rò ìjọba bi wọ́n léèrè ẹyẹ, Ìyáàfin Hale kan náà yìí ló sọ fún un pé àwọn rò pé ológbò ló gbé e. Nítorí náà, ológbò bọ́ sílẹ̀ nínú òpó kẹta, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn bọ́ síbẹ̀: ẹni tí a gbára lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa ìwà John Wright lè purọ́ nígbà tó bá wù ú.

Ibì kan wà tí mo máa ń ní kí wọ́n dá dúró sí. Nígbà tí Ìyáàfin Hale ti dá ẹ̀bi ẹyẹ náà lé ọkùnrin náà, ara Ìyáàfin Peters kò balẹ̀. Ó ní àwọn kò mọ ẹni tó pa á. Ìyáàfin Hale fèsì pé òun mọ John Wright. Ẹ gbé ìdáhùn yẹn wò dáadáa. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀, èkejì ń sọ̀rọ̀ irú èèyàn tí ọkùnrin náà jẹ́. Ṣé mímọ ìwà èèyàn tó láti mọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ kan pàtó? Nígbà mìíràn, ó tó, a sì ń lò ó lójoojúmọ́. Nígbà mìíràn, òun ni wọ́n fi ń sọ aláìlẹ́ṣẹ̀ sẹ́wọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè dúró sí gbólóhùn méjì yẹn kó sì kọ ojú ewé kan lórí wọn ti rí ohun tó wá gbà nínú kọ́ọ̀sì yìí.

Láti ẹ̀rí dé orí ọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń lo ìlànà Stephen Toulmin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìwé kan jáde ní 1958 lórí bí àríyànjiyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó pín in sí ọ̀nà mẹ́fà: ohun tí ẹ ń sọ, ẹ̀rí tí ẹ ní, ìdí tí ẹ̀rí yẹn fi lè gbé ohun tí ẹ sọ dúró, ohun tó ti ìdí náà lẹ́yìn, bí ó ṣe dá yín lójú tó, àti ohun tó lè ta kò ó. Ẹ má jẹ́ kí mẹ́fà yìí dẹ́rù bà yín. Méjì àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tí kì í kọ ọ́. Ìkẹta ni wọ́n máa ń fò, ìkarùn-ún sì ni ó ń yọ èèyàn nínú wàhálà. Ẹ jẹ́ ká padà sínú eré yẹn ká wò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ pé: "Eré yìí fi hàn pé àwọn ọkùnrin kì í ka ohun tí obìnrin ń ṣe sí." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló máa bá a jiyàn? Ọ̀gbẹ́ni Hale fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ohun kéékèèké ló máa ń dààmú obìnrin. Ohun tí ìwé ti là sílẹ̀ kò nílò àròkọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí olóye èèyàn tó ka ìwé kan náà lè sọ pé òun kò gbà.

Bí àpẹẹrẹ: "Àwọn obìnrin méjèèjì ti dá ẹjọ́ Minnie kí wọ́n tó rí òkú ẹyẹ náà." Ó ti ń dùn. Ẹ̀rí dà? Kí wọ́n tó rí ilé ẹyẹ, ká má tíì sọ ẹyẹ, Ìyáàfin Hale ti tú ibi tí ìránṣọ ti dàrú lára aṣọ ìbora, ó sì ń tún un rán. Ìdí tí ẹ̀rí yìí fi gbé ọ̀rọ̀ dúró dà? Ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: ìránṣọ tó dàrú jẹ́ àmì pé ọkàn ẹni tó ń rán an kò balẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ pa irú àmì bẹ́ẹ̀ rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wádìí ti yan ẹni tó máa gbè. Bí ẹ bá fò ó, òǹkàwé á kàn rí obìnrin kan tó ń ránṣọ.

Ẹ wá wo ohun tó ta kò ó. Nígbà tí Ìyáàfin Peters béèrè ohun tó ń ṣe, Ìyáàfin Hale ní òun kàn ń tú ojú ìránṣọ kan tàbí méjì tí kò dáa ni, pé ìránṣọ tí kò dáa kì í jẹ́ kí ara òun lélẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́! Àwọn kan wà tí wọn ò lè rí nǹkan tó wọ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe bíi pé ẹ ò rí gbólóhùn yìí. Ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ sọ ìdí tí ẹ kò fi gbà á tán: bóyá torí pé kò tíì pẹ́ tí àwọn méjèèjì rí i pé ibẹ̀ nìkan ló dàrú, tí wọ́n sì wo ara wọn lójú.

Ohun kejì tó ta kò ó ni Ìyáàfin Peters fúnra rẹ̀. Òun ló sọ pé kò yẹ kí àwọn fọwọ́ kan nǹkan. Òun ló ń rán Ìyáàfin Hale létí òfin. Kò sí bí ẹ ṣe lè sọ pé òun náà ti dá ẹjọ́. "Àwọn obìnrin méjèèjì" ti wó nìyẹn. Inú mi máa ń dùn tí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bá wó báyìí níwájú mi, torí èyí tó máa dìde á le ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Ìyáàfin Hale ti ń gbè sẹ́yìn Minnie kí ó tó rí ẹ̀rí kankan tó pọ̀, Ìyáàfin Peters ni ẹyẹ náà yí lọ́kàn padà." Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ó sì ti ní nǹkan láti sọ nípa ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì. Irú rẹ̀ ni ẹ lè fi ojú ewé márùn-ún tì lẹ́yìn láìfi omi lù ú.

Níbi tí èrò ti ń ṣìnà

Àwọn ọ̀nà tí àríyànjiyàn fi ń ṣìnà pọ̀, sílábọ́ọ̀sì yín á sì kó orúkọ wọn jọ. Ẹ kọ́ wọn fún kúìsì. Nínú àròkọ lítíréṣọ̀, mẹ́ta péré ni mo ń bá pàdé lemọ́lemọ́.

Ọ̀kan ni kí èèyàn gba ẹnu òǹsọ̀tàn gbọ́ bí ẹni pé òǹkọ̀wé ló ń sọ̀rọ̀. Ní 1729, Jonathan Swift gbé ìwé pélébé kan jáde tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ dábàá pé kí àwọn òtòṣì ilẹ̀ Ireland máa ta ọmọ wọn fún olówó láti jẹ. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Swift fẹ́ bẹ́ẹ̀ kò rí ìbínú tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Lámèyítọ́ kan, Wayne Booth, ló wá sọ orúkọ irú òǹsọ̀tàn tí a kò lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ bó ṣe wà di ohun tí gbogbo kíláàsì ń lò, nínú ìwé rẹ̀ ti 1961. Bí òǹsọ̀tàn bá ń búra fún yín pé orí òun pé, bí ti ìtàn Edgar Allan Poe kan tó jáde ní 1843, ẹ tètè fa kálàmù yọ.

Èkejì ni kí èèyàn máa sọ pé "ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn ni pé…" láìsí ẹ̀rí. Àwọn lámèyítọ́ méjì, W. K. Wimsatt àti Monroe Beardsley, ta kò ó ní 1946, wọ́n ní ohun tó wà lọ́kàn òǹkọ̀wé kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó wa láti fi ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbà fún wọn títí dòní, ẹ̀yin náà sì lè má gbà. Àmọ́ bí ẹ bá pa gbólóhùn yẹn rẹ́, tí ẹ kọ "ìtàn yìí fi hàn pé", dandan ni kí ẹ fi ibi tó ti fi hàn wá hàn.

Ẹ̀kẹta fara jọ ọ́: kí èèyàn gbé ìtàn gidi láti ìta wá fi parí ìjà inú ìwé. Susan Glaspell ti ṣiṣẹ́ oníròyìn ní Iowa rí, ó sì kọ ìròyìn nípa ẹjọ́ Margaret Hossack, tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn pé ó fi àáké pa ọkọ rẹ̀ ní 1900. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1901, ilé ẹjọ́ gíga yí i padà, nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́ ní 1903, àwọn ìgbìmọ̀ kò lè fohùn ṣọ̀kan. Ìtàn tó dùn ni, ó sì yẹ kó wà nínú àròkọ. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún wa bóyá Minnie Wright jẹ̀bi. Minnie kì í ṣe Margaret. Okùn ni wọ́n lò nínú eré, àáké kọ́. Ohun tí ẹ lè fi ẹjọ́ náà ṣe ni kí ẹ béèrè ohun tí òǹkọ̀wé yí padà, kí ẹ wá wo ohun tí ìyípadà yẹn ṣe nínú eré. Ẹyẹ tí wọ́n lọ́ lọ́rùn àti ọkùnrin tí wọ́n fún lọ́rùn, wọ́n bára wọn mu. Àáké ì bá má bá a mu.

Ìjíròrò pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ní kí ẹ kọ èrò yín, kí ẹ sì fèsì sí ti ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Olùkọ́ lè ṣètò rẹ̀ kí ẹ má rí ti ẹlòmíì títí ẹ ó fi kọ tiyín. Ẹ má kọ "Mo gbà pẹ̀lú yín, ẹ ṣeun, ó dára púpọ̀" kí ẹ wá lọ sùn. Ọmọlúàbí ni yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n máàkì kò sí níbẹ̀.

Èsì tó dáa máa ń ṣe nǹkan mẹ́ta láàárín gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó ń tún ohun tí ẹnìkejì sọ sọ, lọ́nà tí òun fúnra rẹ̀ á fi gbà pé ohun tí òun sọ nìyẹn. Ó ń mú ibi kan wá láti inú ìwé tí ẹnìkejì kò mẹ́nu bà. Ó wá ń béèrè ohun tí ibẹ̀ yẹn ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Báyìí, fún àpẹẹrẹ: "Bí mo bá gbọ́ yín yé, ẹ ní òfin ni Ìyáàfin Peters ń ṣojú fún jálẹ̀ eré náà. Kí ni ẹ máa ṣe pẹ̀lú ibi tó ti sọ̀rọ̀ ọmọ ológbò rẹ̀ tí ọmọkùnrin kan fi àáké pa nígbà tó wà lọ́mọdé? Ó dà bíi pé ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó lè ṣe ẹlòmíì léṣe. Ṣé òfin ṣì ni lẹ́yìn ìyẹn?" Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀, kò sì sí ìtẹríba òfìfo. Ẹnìkejì á padà sínú ìwé.

Bí ẹnìkan bá ta ko tiyín, ẹ má dá a lóhùn lọ́jọ́ náà bí ara yín bá gbóná. Nǹkan tí wọ́n kọ sílẹ̀ máa ń le létí ju bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe gbèrò lọ, kò sì sí ẹ̀rín ojú níbẹ̀ láti rọ̀ ọ́.

Nípa ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀

Òfin kíláàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Olùkọ́ kan lè gbà kí ẹ lò ó láti ṣe ìbéèrè, òmíràn lè kà á sí jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́. Tèmi ni pé ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé tí kò sí nínú ìwé, wọ́n á sì fi àmì àyọlò sí i mọ́ra. Olùkọ́ tó ti ń kọ́ eré kan fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ti tó láti mú kó tún gbogbo àròkọ yín yẹ̀ wò. Bó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ló kún òpó kẹta fún yín, kí ni ẹ wá san owó kọ́ọ̀sì fún?

Lẹ́yìn tí máàkì bá jáde

Nọ́ńbà nìkan ni ọ̀pọ̀ ń wò. Lórí Canvas, àkíyèsí tí olùkọ́ kọ sára iṣẹ́ yín gan-an kì í sí níbi tí nọ́ńbà wà. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣí iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ padà, kí ẹ tẹ ibi tó ní kí ẹ wo èsì. Mo ti bá àwọn tó lo gbogbo sáà láìmọ̀ pé olùkọ́ ń bá wọn sọ̀rọ̀ létí ojú ewé. Ẹ ṣí i. Ẹ da àkíyèsí tó bá tún ara rẹ̀ sọ kọ sórí tákàdá kan, kí ó wà níwájú yín nígbà tí ẹ bá ń kọ èyí tó kàn.

Bí àkíyèsí bá rú yín lójú, ẹ lọ bá olùkọ́ ní wákàtí tó yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, tàbí kí ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́. "Kí ló dé tí mo gba máàkì yìí?" máa ń mú ìdáhùn kúkurú wá. Ẹ gbé ìpínrọ̀ kan dání, kí ẹ sì béèrè ibi tí òǹkàwé ti ṣíwọ́ gbígbà yín gbọ́ nínú rẹ̀. Mo ti rí olùkọ́ tó fi ìdajì wákàtí dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù kékeré ni. Ẹ fi àròkọ sílẹ̀ ní irú fáìlì tí wọ́n ní kí ẹ lò, ní pàtàkì .docx tàbí PDF, kí ẹ sì ṣí i padà lórí ojú òpó lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ tán, torí fáìlì òfìfo àti àròkọ kíláàsì mìíràn wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ tọ́jú gbogbo ohun tí ẹ kọ, àti àkíyèsí olùkọ́, sórí ẹ̀rọ tiyín. Àwọn kọ́léèjì kan máa ń ti ojú òpó kíláàsì pa láìpẹ́ lẹ́yìn tí sáà bá parí, kọ́léèjì tí ẹ bá fẹ́ gbé yúníìtì yín lọ sì lè ní kí ẹ fi sílábọ́ọ̀sì àti àròkọ kan hàn.